Ariwo Ọmọ Iléèwé Di Ẹjọ́ ní California: Ta Ni Yóò Gba Ẹnu Sọ fún Ẹni Tí Kò Rílé Gbé?

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ ní ìsọ̀ aláta pé kóòtù kan wà láyé tó ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ wo irú ariwo tí àwọn ọmọ iléèwé yóò máa pa nínú ilé tí wọn ò tíì fi búlọ́ọ̀kù kan lélẹ̀, wọ́n á ní onítọ̀hún ti mu ọtí àárọ̀ ni. Àmọ́ òótọ́ pọ́nńbélé ni o. Ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Berkeley, ní ìpínlẹ̀ California, l'Amẹ́ríkà, lọ́jọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì, ọdún 2023. Ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ló dá ẹjọ́ náà. Òun ló sì mú kí àwọn aṣòfin ibẹ̀ sáré ṣe òfin tuntun kí ọdún náà tó parí. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe jẹ́, ẹ̀yin òǹkàwé, nítorí ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Berkeley ò jìnnà sí San Francisco, omi ló là wọ́n láàárín. Yunifásítì tó wà níbẹ̀ ló dàgbà jù nínú gbogbo àwọn Yunifásítì California, ọdún 1868 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Iléèwé náà kì í sì í ṣe àjèjì pátápátá sí ọmọ Yorùbá. William Bascom, òyìnbó tó wá sí Ilé-Ifẹ̀ ní 1937 láti kẹ́kọ̀ọ́ nípa Ifá lẹ́nu àwọn babaláwo, ibẹ̀ ló ti ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìwé ńlá tó kọ lórí Ifá jáde ní 1969. Ẹ fi ọdún 1969 yẹn sọ́kàn, ó ṣì ń bọ̀ níwájú.

Iléèwé tó lórúkọ báyìí, ọmọ gbogbo ayé ló ń wá a. Ibi tí wọ́n máa sùn ni wàhálà. Lásìkò tí ẹjọ́ yìí ń lọ, nínú ọgọ́rùn-ún ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀, nǹkan bíi mẹ́tàlélógún péré ni Yunifásítì ń fún ní ibùsùn. Kò sí Yunifásítì California mìíràn tí tirẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀. Àwọn yòókù di ayálégbé láàárín ìlú, wọ́n ń bá àwọn òṣìṣẹ́ àti àwọn arúgbó du yàrá tí kò tó, owó ilé sì ń gòkè bí iná ọyẹ́. Àwọn kan ń gbé mẹ́rin mẹ́rin nínú yàrá kan. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ inú mọ́tò ni wọ́n ń sùn, tí wọ́n á jí láàárọ̀, tí wọ́n á lọ wẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ṣeré ìdárayá, tí wọ́n á wá gba kíláàsì lọ. Ìyá tó bá ní ọmọ ní Yunifásítì nílé níbí, tí ọmọ náà ń bá ọ̀rẹ́ ẹ̀ pín bẹ́ẹ̀dì ẹnìkan, á mọ ohun tó wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ilé làbọ̀ simi oko. Ẹni tí kò rílé simi, ẹ̀kọ́ wo ló fẹ́ wọ̀ ọ́ lórí?

Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó lè kọ́lé ní California, òfin kan wà lọ́nà. Ní 1970 ni Gómìnà Ronald Reagan, ẹni tó padà wá di ààrẹ Amẹ́ríkà, buwọ́ lu òfin náà. Síkúà ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ohun tí òfin yìí sọ kò burú rárá. Ó ní kí ìjọba tó ṣe iṣẹ́ kan, kí wọ́n kọ́kọ́ wò ó bóyá iṣẹ́ náà máa ba omi jẹ́, tàbí afẹ́fẹ́, tàbí igi, tàbí ẹyẹ, bóyá ó máa dí ojú ọ̀nà, bóyá ó máa pariwo. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé, kí aráàlú kà á, kí wọ́n sì sọ tẹnu wọn. Ní 1972, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ìpínlẹ̀ náà tún ní kì í ṣe iṣẹ́ ìjọba nìkan o, kódà onílé àdáni tó bá fẹ́ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba, ó kàn án. Ọ̀pọ̀ odò àti igbó ni òfin yìí ti gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń tú èéfín sí i lójú ò ní bú irú òfin bẹ́ẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti dojú rú ni pé, bóyá lẹ́nì kan wà tí kò lè fi òfin yìí gbé oníṣẹ́ lọ sí kóòtù. Bí ẹ bá rí ojú ewé kan nínú ìwé àyẹ̀wò tí wọn ò kọ dáadáa, ẹ ti ní ẹjọ́ nìyẹn. Adájọ́ lè ní kí wọ́n padà lọ tún un kọ. Ọdún kan á lọ, ọdún méjì á tẹ̀ lé e. Báǹkì ò ní yá èèyàn lówó sórí ilẹ̀ tí ẹjọ́ wà lórí rẹ̀. Ẹ̀yin bíríkìlà, ẹ̀yin káfíńtà, ẹ mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí iṣẹ́ bá dúró: owó sìmẹ́ńtì ò ní dúró de ẹnikẹ́ni, òjò á rọ̀ sórí pákó, oníṣẹ́ á wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà, ẹni tó pe ẹjọ́ ò tilẹ̀ nílò kó jàre. Bí ọjọ́ bá ti lè gùn tó, ilé ọ̀hún lè kú sórí ìwé. Ìdí nìyí tí ọ̀bẹ tí wọ́n rọ láti fi gé ọwọ́ aláfẹ́fẹ́-búburú fi wá di èyí tí wọ́n ń nà sí ẹni tó fẹ́ kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ àti mẹ̀kúnnù.

Ọ̀bẹ náà kọ́kọ́ bẹ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò ní 2021. Ẹgbẹ́ àwọn aráadúgbò kan ní Berkeley ní Yunifásítì ń gba ọmọ wọlé lé ọmọ láìkọ́ ilé fún wọn, ó sì ń ni ìlú lára. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2021, adájọ́ gbọ́ tiwọn. Ó ní Yunifásítì ò gbọdọ̀ kọjá iye ọmọ tó ní lọ́dún 2020 sí 2021, ìyẹn 42,347. Yunifásítì pariwo pé bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ó kéré tán àyè 3,050 ọmọ ló máa lọ. Wọ́n sáré lọ sí ilé ẹjọ́ tó ga jù. Ní ọjọ́ kẹta oṣù kẹta, 2022, adájọ́ mẹ́rin nínú mẹ́fà ní àwọn ò ní dá àṣẹ náà dúró. Háà! Ẹ ro ti ọmọ tó ti fi ọdún méjìlá kàwé, tó fi òru ṣe ọ̀sán, tí wọ́n wá ní ó ti di ìbàyíkájẹ́ bí èéfín mọ́tò. Àwọn aṣòfin ò jẹ́ kó tutù. Ọjọ́ mọ́kànlá péré lẹ́yìn rẹ̀, lọ́jọ́ kẹrìnlá oṣù kan náà, wọ́n gbé òfin SB 118 jáde láìsí ẹnìkan tó ta kò ó, Gómìnà Gavin Newsom sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ yẹn gan-an. Òfin náà ní gbígba ọmọ wọlé nìkan kì í ṣe iṣẹ́ tí wọ́n ń fi Síkúà wọ̀n. Àyè àwọn ọmọ padà.

Ṣùgbọ́n ìyẹn ò fún ẹnikẹ́ni ní bẹ́ẹ̀dì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọgbà kan ti wọlé, ọgbà tí wọ́n ń pè ní People's Park, ìyẹn Ọgbà Aráàlú. Ní 1967, Yunifásítì fi agbára ìjọba ra àwọn ilé tó wà lórí ilẹ̀ náà, wọ́n wó wọn, wọ́n sì fi ibẹ̀ sílẹ̀ fún ẹrẹ̀. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, aráàlú àti akẹ́kọ̀ọ́ kó ọkọ́ àti ṣọ́bìrì, wọ́n gbin òdòdó, wọ́n tẹ́ koríko, wọ́n sọ ọ́ di ọgbà. Ọdún 1969 tí ẹ fi sọ́kàn nìyẹn. Bí ìwé Ifá ṣe ń jáde lórúkọ ọ̀jọ̀gbọ́n iléèwé yìí, ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn ní ìta. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù karùn-ún, wọ́n wá fi ọgbà wáyà yí ilẹ̀ náà ká. Ìjà bẹ́ sílẹ̀, ọlọ́pàá yìnbọn. James Rector, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, tó wà lórí òrùlé, wọ́n yìnbọn mọ́ ọn, ó kú lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Káfíńtà kan fọ́ lójú. Gómìnà Reagan kan náà tó máa buwọ́ lu òfin àyíká lọ́dún kejì, òun ló kó sójà wọ ìlú. Àwọn tó dàgbà ní Berkeley ò gbàgbé. Fún wọn, ilẹ̀ yẹn kì í ṣe ilẹ̀ lásán, ojú oórì ni.

Ọdún ń gorí ọdún, ọgbà ọ̀hún di ibi tí àwọn tí kò nílé ń pàgọ́ sí. Yunifásítì wá ní òun fẹ́ kọ́lé síbẹ̀: ibùsùn fún nǹkan bí 1,100 akẹ́kọ̀ọ́, ilé ọ̀tọ̀ fún àwọn òtòṣì àti àwọn tí wọ́n ti ń sùn níta, kí ilẹ̀ tó lé ní ìdajì ṣì ṣẹ́ kù fún ọgbà, kí wọ́n sì ṣe ìrántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní 1969. Ẹgbẹ́ méjì pe ẹjọ́. Wọ́n ní Yunifásítì ò wá ilẹ̀ mìíràn wò, bẹ́ẹ̀ ó ní ilẹ̀ mìíràn. Wọ́n tún ní Yunifásítì ò wo ariwo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń pa bí wọ́n bá ń ṣe fàájì lóru.

Ẹ má rò pé àwọn adájọ́ kàn fa ọ̀rọ̀ ariwo yọ lójú àlá o. Ní 2015, kóòtù mìíràn ní California kan náà ti dájọ́ lórí ẹnìkan tó fẹ́ máa fi ilẹ̀ rẹ̀ lórí òkè gba àlejò ìgbéyàwó. Àwọn aládùúgbò ní ariwo orin àti ijó ń dà wọ́n láàmú, kóòtù sì gbà pé ó yẹ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lábẹ́ òfin àyíká. Ìgbéyàwó kẹ̀! Bó bá jẹ́ nílé níbí ni, Sátidé mélòó ni kóòtù máa fi jókòó? Ọ̀nà tí ẹjọ́ yẹn là ni àwọn adájọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn tọ̀ ní 2023 tí wọ́n fi ní kí Yunifásítì padà lọ wọn ariwo ẹnu ọmọ, kí ó sì sọ ìdí tí kò fi wo ilẹ̀ mìíràn.

Àwọn adájọ́ ò ṣe é nítorí ìkà. Ohun tí ìwé òfin sọ ni wọ́n tẹ̀ lé, ariwo wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ọ̀nà yẹn ń lọ. Bí ariwo akẹ́kọ̀ọ́ bá jẹ́ ìdọ̀tí, kí ni ti ọmọ ọwọ́ tó ń sunkún lóru? Kí ni ti ìdílé ọlọ́mọ mẹ́jọ? Kí ni ti àwọn tí ìjọsìn wọn ní ìlù nínú? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí irú àwọn èèyàn kan sún mọ́ òun, kò ní í sọ pé òun ò fẹ́ wọn mọ́. Á kàn ní òun ń bẹ̀rù ariwo ni. Ìyẹn ni Buffy Wicks, obìnrin tó ń ṣojú agbègbè náà nílé aṣòfin, rí tó fi gbé òfin AB 1307 wá. Gómìnà buwọ́ lù ú lọ́jọ́ keje oṣù kẹsàn-án, 2023, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Òfin náà ní, fún ilé gbígbé, ohùn àwọn tó ń gbé inú rẹ̀ àti ti àlejò wọn kò sí lára ohun tó ń ba àyíká jẹ́. Ó tún ní iléèwé gíga tó bá fẹ́ kọ́lé fún akẹ́kọ̀ọ́ sórí ilẹ̀ kékeré láàárín ìlú, tí wọ́n ti yẹ ilẹ̀ náà wò nínú ètò ọlọ́jọ́ gígùn rẹ̀, kò pọn dandan kó tún máa wá ilẹ̀ mìíràn kiri. Kò ní kí ẹnikẹ́ni máa lu ìlù láago mẹ́ta òru o; òfin ariwo ti ìlú ṣì wà, wọ́n ṣì lè pe ọlọ́pàá sí aláriwo. Ohun tó sọ ni pé wọn ò gbọdọ̀ torí ariwo tí ẹnu ò tíì pa, kí wọ́n má kọ́lé.

Ní òru ọjọ́ kẹrin oṣù kìn-ín-ní, 2024, Yunifásítì kó ọlọ́pàá rẹpẹtẹ wá, wọ́n kó àwọn tó wà nínú ọgbà jáde, wọ́n sì fi kọ́ńténà bíi 160 ṣe odi yí ilẹ̀ náà ká, ọ̀kan lórí èkejì, bí ẹni pé Apápá ni. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹfà, gbogbo adájọ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù fẹnu kò. Wọ́n ní òfin tuntun ti yanjú ọ̀rọ̀ ariwo àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ mìíràn, kò sí ohun tó tún dá Yunifásítì dúró. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún náà.

Ṣùgbọ́n agbẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn aládùúgbò ní ohun tí wọ́n ń sọ. Ta ló gba ọmọ púpọ̀ láìkọ́lé? Yunifásítì ni. Ta ló wó ilé èèyàn, tó sì fi ilẹ̀ sílẹ̀ fún ẹrẹ̀? Òun náà ni. Ní 2022, ìjọba Amẹ́ríkà gan-an ti kọ orúkọ ọgbà náà sínú ìwé àwọn ibi ìtàn. Ohun tó sì ń dùn wọ́n jù ni pé wọ́n ń jà lábẹ́ òfin, wọ́n ti jàre ní kóòtù kan, kí ẹjọ́ tó dé òkè, wọ́n ti yí òfin padà mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń ta ayò, tó ti fẹ́ jẹ, tí wọ́n wá ní ayò ọjọ́ yìí kò sí nínú bí wọ́n ṣe ń ta á, ṣé inú rẹ̀ á dùn? Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹni tó ní ilé aṣòfin lẹ́yìn ní agbára tí aráàdúgbò ò ní.

Ìdáhùn wà, bó tilẹ̀ korò díẹ̀. Ní kóòtù, ẹni tó ti ní ilé ló ń rí àyè dúró. Ó ní àdírẹ́sì, ó ní lọ́yà, ó ní ọjọ́ tó lè fi jókòó. Àwọn 1,100 tó yẹ kó sùn nínú ilé yẹn ńkọ́? Ẹnikẹ́ni ò mọ orúkọ wọn. Àwọn kan nínú wọn ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ gírámà lọ́jọ́ tí wọ́n ń ro ẹjọ́ wọn. Òtòṣì tó ń sùn lábẹ́ tápólì, ta ni yóò pè é wá jẹ́rìí pé yàrá kan lè gba òun là? Kóòtù ń gbọ́ ohun tí ilé tuntun lè bàjẹ́, kò ní etí fún ohun tí àìsí ilé ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀. Ilé aṣòfin ni ibi tí wọ́n ti lè da àwọn méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan. Iṣẹ́ tí wọ́n sì dìbò yàn wọ́n fún ni. Àbùkù tó wà níbẹ̀ ni pé ó pẹ́ kí wọ́n tó ṣe é, wọ́n jẹ́ kí ìjà gbóná kí wọ́n tó dá sí i.

Láti ìgbà náà, òfin ń tẹ̀ lé òfin. Ní 2022, SB 886 tí Scott Wiener gbé wá yọ ilé akẹ́kọ̀ọ́ tí Yunifásítì ìjọba bá fẹ́ kọ́ kúrò lábẹ́ Síkúà, ṣùgbọ́n wọn ò gbọdọ̀ wó ilé tí owó rẹ̀ wà lábẹ́ òfin nítorí mẹ̀kúnnù, òṣìṣẹ́ tó kọ́ṣẹ́ dáadáa ni wọ́n sì gbọdọ̀ lò. Ní 2023, AB 1449 ṣe bẹ́ẹ̀ fún ilé tí gbogbo yàrá rẹ̀ jẹ́ ti aláìlówó. Lọ́jọ́ kẹ́yìn oṣù kẹfà, 2025, AB 130 wá yọ ọ̀pọ̀ jù lọ ilé gbígbé tí wọ́n bá kọ́ sáàárín ìlú. Ẹ kíyè sí àwọn májẹ̀mu inú wọn, ẹ̀yin oníṣẹ́ ọwọ́. Níbi tí wọ́n ti yọ lọ́yà kúrò, wọ́n fi owó ọ̀yà bíríkìlà àti wẹ́dà sí i. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n òfin ò ń to búlọ́ọ̀kù. Bí owó èlé báǹkì bá ga, bí irin bá wọ́n, bí ìjọba ò bá mú owó wá fún ilé òtòṣì, ìwé àṣẹ á wà nínú dúrọ́ọ̀, ilẹ̀ á sì máa hu koríko.

A kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Ìyẹn ni iṣẹ́ tó kù ní Berkeley, kò sì sí òfin tó lè ṣe é fún wọn. Àwọn arúgbó tó ń ṣọ̀fọ̀ ọgbà wọn àti àwọn ọmọ tó máa kó wọ ilé náà, àdúgbò kan ni wọ́n máa gbé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí Yunifásítì bá ṣe ìrántí 1969 bó ṣe ṣèlérí, bí ó bá kọ́ ilé òtòṣì pẹ̀lú ti akẹ́kọ̀ọ́, tí kò jẹ́ kí èyí dúró kí tọ̀hún máa lọ, ó ti san díẹ̀ nínú gbèsè rẹ̀ nìyẹn. Bí kò bá ṣe é, òótọ́ làwọn tó pè é lẹ́jọ́ ń sọ, àní bí kóòtù bá ti dá wọn lẹ́bi. Ní ti ariwo, kí onílùú jẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ rí ibi sùn ná. Ẹni tó bá sùn dáadáa, àárọ̀ ló ń kí èèyàn.